Bí A Ṣe Ń Yọ Gọ́ọ̀mù Tó Lẹ̀ Mọ́ Ilẹ̀ Onípákó

Nínú àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó wà ní Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, a ṣì máa ń rí èyí tí ilẹ̀ yàrá òkè rẹ̀ jẹ́ pákó, ìrókò tàbí apá tí ikán kì í tètè jẹ, tí wọ́n kàn mọ́ orí ìtì igi. Nígbà tí ojú pákó náà bá ti ń gbó, àwọn onílé a máa tẹ́ rọ́bà ilẹ̀ tàbí kápẹ́ẹ̀tì bò ó, wọn a sì fi gọ́ọ̀mù tàbí téèpù olójú méjì mú un mọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ká kápẹ́ẹ̀tì náà kúrò ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé gọ́ọ̀mù tó ṣẹ́kù yóò máa lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀, yóò sì máa kó eruku jọ títí yóò fi dúdú bí ìdí ìkòkò.

Téèpù tí a fi di etí kápẹ́ẹ̀tì mú nígbà wólímà kan ló kó bá àwa, ní yàrá òkè ilé bàbá wa. Ẹni tí a pè pé kó wá bá wa tún un ṣe gbé tínà dé, ó dà á sílẹ̀ gbuurugbu, ó sì fi àkísà nù ún. Gọ́ọ̀mù lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fáníìṣì bá a lọ, ojú pákó sì hàn funfun bí ẹsẹ̀ tí kò rí ìpara nígbà ọyẹ́. Títí di òní, àga la fi ń bo ibẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ tó ṣí ìgò kankan, ó yẹ kí ẹ ti mọ ohun tí wọ́n fi kun pákó náà, kí ẹ sì mọ irú gọ́ọ̀mù tó wà lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi kun pákó ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wádìí, nítorí pé òun ló rọrùn jù láti bàjẹ́.

Ẹ lọ sí kọ̀rọ̀ kan tí ojú kì í tó, bí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tàbí abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ kán omi kan ṣoṣo sí ojú pákó, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí omi náà bá wọlé, tí ojú ibẹ̀ sì dúdú sí i, a jẹ́ pé pákó náà wà ní ìhòòhò, tàbí kó jẹ́ pé òróró nìkan ni wọ́n fi pa á. Irú pákó bẹ́ẹ̀ yóò mu òróró àti kẹrosíìnì bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu òjò, nítorí náà ooru àti híha nìkan ni kí ẹ lò fún un. Bí omi bá dúró bí èyí tó wà lórí ewé kókò, fáníìṣì tàbí pólíìṣì wà níbẹ̀. Kí ẹ lè mọ irú rẹ̀, ẹ ki òwú bọ sípíríìtì díẹ̀, kí ẹ sì fi kan ibòmíràn nínú kọ̀rọ̀ kan náà. Bí ojú ibẹ̀ bá ń lẹ̀, tí òwú sì pọ́n rúsúrúsú, pólíìṣì ṣẹ̀láàkì tí àwọn káfíńtà máa ń fi sípíríìtì pò ni, ẹ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí sípíríìtì kan ilẹ̀ náà mọ́. Bí sípíríìtì kò bá ṣe é ní nǹkan kan, fáníìṣì tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ṣùgbọ́n èyí kò ní kí tínà má lè bó o, gẹ́gẹ́ bí àwa ṣe rí i.

Gọ́ọ̀mù ti téèpù ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì rọrùn jù láti yọ, bí a bá ti ní sùúrù. Ooru ni ẹ ó kọ́kọ́ lò. Dráyà tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun dára púpọ̀: ẹ gbé e sókè díẹ̀ sí ojú pákó, kí ẹ máa rìn ín síwá-sẹ́yìn, kí ó má ba à dúró lójú kan kó jó fáníìṣì. Bí kò bá sí iná, tó sì jẹ́ àkókò ooru oṣù kẹta, ẹ ṣí fèrèsé kí oòrùn ọ̀sán wọlé sórí ibẹ̀. Oòrùn Ìlọrin lásìkò yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ dráyà. Nígbà tí gọ́ọ̀mù náà bá ti dẹ̀, ẹ fi káàdì báńkì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá tàbí ẹ̀là ọparun tí a fá létí ha á, kí ẹ dà á dùbúlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì máa tọ ìlà igi lọ, ẹ má ṣe gé ìlà igi kọjá. Bí ooru bá tó, gọ́ọ̀mù náà yóò máa ká jọ ní wínníwínní, bí ìdọ̀tí ara ṣe máa ń ká jọ nígbà tí a bá fi kànìnkànìn ha ẹ̀yìn. Bí ó bá ń fà bí ilá, ẹ dúró kó tutù díẹ̀. Ẹ má ṣe mú ọ̀bẹ tàbí abẹ féléfélé sí i, bó ti wù kí ọwọ́ ń yún yín tó.

Èyí tó bá kù lẹ́yìn híha ni òróró wà fún, bí pákó náà kò bá wà ní ìhòòhò. Òróró ẹ̀pà ṣeé lò, ṣùgbọ́n òrí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé kì í ṣàn: ibi tí ẹ bá fi sí ni yóò dúró sí, kò ní wọ inú àlàfo pákó, a sì ń rí i rà dáadáa lọ́dọ̀ wa, nígbà tó jẹ́ pé igi rẹ̀ pọ̀ ní apá Mórò àti Kaiama. Ẹ pò ó ní àtẹ́lẹwọ́ kó rọ̀, kí ẹ fi pa ojú gọ́ọ̀mù náà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn èyí ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún ní ṣíṣẹ̀-n-tẹ̀lé, kí ẹ máa yí ojú aṣọ náà padà, nítorí pé aṣọ tó ti kó gọ́ọ̀mù yóò tún máa fi í pa ibòmíràn ni.

Gọ́ọ̀mù pupa-rúsúrúsú tí wọ́n fi ń lẹ bàtà àti rọ́bà ilẹ̀ kì í gbọ́ ti òrí nìkan. Kẹrosíìnì ni ẹ ó lò fún un, bí fáníìṣì bá wà lórí pákó náà. Ara àkísà ni kí ẹ ta á sí, kì í ṣe ilẹ̀; ẹ gbé àkísà náà lé orí gọ́ọ̀mù fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì tún ha á. Ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, kí ẹ pa sítóòfù àti àbẹ́là, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bẹntiróòlù rọ́pò kẹrosíìnì, nítorí pé bẹntiróòlù ń gbé èéfín tí iná lè ràn jáde kódà nínú òtútù.

Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà fi ń so igi pọ̀ kò fẹ́ òróró rárá. Omi ló ń ṣe é. Ẹ pò fínígà mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ọ́, kí ẹ rẹ aṣọ sí i, kí ẹ fún un dáadáa, kí ẹ sì tẹ́ ẹ lé ibẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ tó ń dán bí gíláàsì yóò padà funfun bí ẹ̀kọ tútù, nígbà náà ni káàdì yóò lè gbé e. Ní ti ṣingọ́ọ̀mù tí àwọn ọmọdé tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fi aṣọ wé píọ wọ́tà tó ti dì, kí ẹ gbé e lé e títí yóò fi le, yóò sì já kúrò bí èèpá.

Bí ohun tí ẹ bá lábẹ́ rọ́bà àtijọ́ bá jẹ́ ọ̀dà dúdú tó jọ kóòtá, pàápàá tó bá jẹ́ táìlì kéékèèké oní-ínǹṣì 9 ló wà lórí rẹ̀, ẹ má ṣe ha á ní gbígbẹ, ẹ má sì fi sáńpépà kàn án. Wọ́n máa ń fi ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì sínú irú táìlì àti ọ̀dà bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kí ẹ tún ohun mìíràn tẹ́ bò ó sàn ju kí ẹ yọ ọ́ lọ.

Bí gọ́ọ̀mù bá ti tán, ẹ ta ọṣẹ ìfọwo díẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ọ́, kí ẹ fi aṣọ tí a fún gbẹ nu òróró kúrò, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Ẹ má lo ọṣẹ dúdú, nítorí pé omi eérú tó wà nínú rẹ̀ le jù fún pólíìṣì. Bí pákó náà bá jẹ́ apá, omi aṣọ yín lè di àwọ̀ ìyeyè bí omi ata ilẹ̀. Kì í ṣe ìdọ̀tí, aró inú igi náà ni, ẹ má sì máa fọ̀ ọ́ lọ títí. Wáyà ìfọkòkò kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ yìí, nítorí pé ẹ̀rún irin tó bá kù nínú igi yóò bá omi pàdé, yóò sì di àbàwọ́n dúdú tí kì í tètè lọ.

Níbi tí ojú igi bá ti hàn, ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 120 ha á, kí ẹ sì fi 220 tẹ̀ lé e, kí ẹ fi aṣọ bo imú nítorí eruku ìrókò ń ta ni ní imú àti ọ̀fun, lẹ́yìn náà kí ẹ fi òróró lińsíìdì tàbí fáníìṣì tuntun pa á. Àkísà tí ẹ bá fi pa lińsíìdì, ẹ sá a síta ní títẹ́ títí yóò fi gbẹ gan-an. Bí ẹ bá ká a jọ sínú garawa, ó lè gbóná fúnra rẹ̀ kó sì gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i.