Bí A Ṣe Ń Yẹ Bákóòdù Lébẹ́lì Ẹrù Wò Ká Tó Tẹ̀ Ẹ́

Tí ẹrù bá kúrò ní Ìdúmọ̀tà, tó dé ilé ìkẹ́rùsí ní Ìkẹjà, tí skáánà wá kọ̀ tí kò ka lébẹ́lì rẹ̀, pírintà la sábà máa ń dá lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ inú fáìlì gan-an ni àléébù náà ti sábà ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti yẹ ká mú un.

Ẹ kọ́kọ́ mọ agbára pírintà yín. Èyí tó jẹ́ 203 dpi (ìyẹn iye dọ́ọ̀tì tó ń tẹ̀ sínú ínǹṣì kan) ń tẹ dọ́ọ̀tì 8 sínú mílímítà kan, dọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó 0.125 mm. Kò lè tẹ ààbọ̀ dọ́ọ̀tì láéláé. Nítorí náà, ìlà tó tín-ín-rín jù nínú bákóòdù gbọ́dọ̀ jẹ́ dọ́ọ̀tì 2, 3 tàbí 4 géérégé. Ẹni tó bá yan 0.33 mm nínú sọ́fútíwíà ti béèrè dọ́ọ̀tì 2.64. Pírintà á sọ ìlà kan di 2, á sọ èkejì di 3, bẹ́ẹ̀ fífẹ̀ àwọn ìlà àti àlàfo àárín wọn ni skáánà ń fi wéra kó tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Dọ́ọ̀tì 3, ìyẹn 0.375 mm, la fara mọ́ jù. Code 128, irú bákóòdù onílà kan, tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 á gba nǹkan bíi 63 mm, lébẹ́lì 100 mm á sì gbà á dáadáa.

Ẹ fi àlàfo funfun sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, kó jẹ́ ìlọ́po 10 ìlà tín-ín-rín yẹn: 3.75 mm nìyẹn tí ẹ bá lo dọ́ọ̀tì 3. Lógò àti ìlà tí wọ́n fi yí àdírẹ́sì ká ló máa ń wọ ibẹ̀ jù.

Ẹ wá fa fáìlì náà tóbi dé 800%. Ẹ̀gbẹ́ ìlà gbọ́dọ̀ mú ṣáṣá, kó dúdú délẹ̀. Tí ẹ bá rí àwọ̀ eérú létí rẹ̀, fọ́tò ni wọ́n fi ránṣẹ́. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀. Ẹ ní kí oníbàárà fi PDF ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, “Actual size” ni kí ẹ yàn. “Fit” máa ń yí ìtóbi rẹ̀ padà, á sì ba ìṣirò dọ́ọ̀tì yẹn jẹ́ pátápátá.

Dúdú lórí funfun ni kó jẹ́. Iná pupa ni ọ̀pọ̀ skáánà ń tàn, ìlà pupa á sì dà bíi funfun lójú wọn.

Ẹ fi fóònù ka bákóòdù náà lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi ohun tó gbé jáde wé nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà kan sí èkejì. Nígbà míì, ọwọ́ ni wọ́n fi tẹ nọ́ńbà yẹn sínú fáìlì, kò sì bá ìlà òkè mu. Àmọ́ kí fóònù kà á kò fi hàn pé ó dára tó, torí fóònù máa ń fara da àṣìṣe tí skáánà ilé ìkẹ́rùsí kò ní gbà. Àwọn tí oníbàárà wọn ń béèrè ìwọ̀n ISO/IEC 15416, ìlànà àgbáyé fún dídíwọ̀n bí bákóòdù onílà ṣe dára tó, nílò ẹ̀rọ tó ń fún bákóòdù ní máàkì láti A dé F.

Ẹ tẹ ẹyọ kan ṣoṣo kí ẹ tó tẹ ìyókù. Tí ìlà funfun tín-ín-rín bá là á já láti òkè dé ìsàlẹ̀, dọ́ọ̀tì kan ti dọ̀tí tàbí ó ti kú lórí orí pírintà, ìyẹn apá tó ń tẹ àwọn dọ́ọ̀tì: ẹ fi ọtí isopropyl nu ún, kí ẹ tún un tẹ̀. Tí ìlà náà kò bá lọ, ẹ yí bákóòdù sí ìbú títí ẹ ó fi pààrọ̀ orí náà. Skáánà á ṣì rí ibi tó pé kà.